Pẹ́nárítì Tí Kò Tọ́ sí Wa

  A mọ̀ pé ohun tí ẹ máa ń retí lọ́wọ́ wa nínú irú ìwé báyìí ni ọ̀rọ̀ lórí ìrun, ààwẹ̀, ìgbọ́ràn sí òbí àti ìwúlò èdè Lárúbáwá. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni a fẹ́ sọ lọ́dún yìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu wa. Ohun kan ni ó ṣẹlẹ̀ lórí pápá, ó sì tẹ̀ lé wa wọ inú kíláàsì, àwa tí à ń pe ara wa ní olùkọ́ kò sì rí èsì fún un.

Ìdíje ọlọ́dọọdún ni, láàárín àwa àti ilé-kéwú kan tí kò jìnnà sí wa. Ẹ mọ̀ bí ó ṣe máa ń rí: lẹ́yìn ìrun Alásàárì ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ parí kí Màgàríbì tó wọlé. Nítorí pé àwa ni a gbàlejò, ọ̀kan nínú wa ni ó ń fọn fèrè. Ọ̀mì ni wọ́n ń gbá bọ̀, ó ku bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ni ọmọ wa kan bá gbé bọ́ọ̀lù dé iwájú ilé wọn, ó sì ṣubú. Kò sí ẹni tí ó fara kàn án. Àwa tí a dúró lẹ́bàá ìlà rí i kedere. Ó di ẹsẹ̀ mú, ó ń yí nílẹ̀, ó ń ké bí ẹni tí àkekèé ta. Fèrè dún: pẹ́nárítì! Olùkọ́ wa ka ìṣísẹ̀ méjìlá láti ojú ilé, àwọn ìṣísẹ̀ náà sì kúrú. (Ní ọdún tí ó ṣáájú, nígbà tí pẹ́nárítì jẹ́ ti àwọn àlejò, ẹsẹ̀ gígùn ni ó fi kà á. Ẹ̀rín ni a fi rín nígbà náà.) Aṣọ́lé wọn, ọmọ kékeré kan báyìí, ti ń sunkún kí wọ́n tó gbá a. Bọ́ọ̀lù wọlé. A hó yèè, a gbé ọmọ wa sí èjìká, a gba ife, àwọn òbí kan sì lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí.

Nígbà tí a padà sí kíláàsì, ẹ̀kọ́ lórí òdodo sísọ ni ó kàn. Ọmọ kan nawọ́ sókè, ó ní, “Ustadh, ṣé góòlù ọjọ́sí jẹ́ hàláálì?” Kíláàsì pa rọ́rọ́. Kí olùkọ́ tó la ẹnu, ọmọ mìíràn ti dá a lóhùn: “Rẹfirí ló fọn fèrè, kì í ṣe àwa.” Olùkọ́ ní kí wọ́n ṣí ìwé sí ojú-ewé tí ó tẹ̀ lé e.

Èsì ọmọ kejì yẹn ni ó ń jẹ wá lọ́kàn, nítorí pé ẹnu àgbà ni ó ti gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni à ń wí lórí ilẹ̀, lórí ogún, lórí gbèsè: adájọ́ ló dá mi láre, kì í ṣe èmi. Ṣùgbọ́n Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti fèsì sí i. Ìyá wa Umm Salamah ni ó gba ọ̀rọ̀ náà wá, Bukhari àti Muslim sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó fi yé àwọn tí ó gbé ẹjọ́ wá pé ènìyàn ni òun, pé ohun tí òun bá gbọ́ ni òun yóò fi dájọ́, àti pé ẹnì kan lè mọ ọ̀rọ̀ sọ ju ẹnì kejì rẹ̀ lọ. Ẹni tí òun bá tipa bẹ́ẹ̀ gbé ẹ̀tọ́ arákùnrin rẹ̀ fún, kí ó má ṣe gbà á, nítorí iná ni òun bù fún un. Bí ìdájọ́ Ànábì fúnra rẹ̀ kò bá lè sọ ohun olóhun di hàláálì fún ẹni tí ó mọ̀ pé irọ́ ni òun pa, fèrè ta ni yóò sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀?

Ẹni tí ó bá ń wo bọ́ọ̀lù àdúgbò dáadáa yóò mọ̀ pé ìdí pẹ́nárítì ni òjóró pọ̀ sí jù. Pápá wa kò ní ìlà gidi. Eérú tàbí ìyẹ̀fun pákó ni a fi ń fa ìlà, kí abala kìn-ín-ní sì tó parí, ẹsẹ̀ ti pa á rẹ́. Aṣọ́lé á rìn síwájú ìṣísẹ̀ méjì kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù, á sì búra pé orí ìlà ni òun wà. Òmíràn á fi gìgísẹ̀ gbẹ́ ihò kékeré sí ibi tí wọ́n fẹ́ gbé bọ́ọ̀lù lé. Òmíràn á tú okùn bàtà rẹ̀, á so ó, á tún un tú, títí ọkàn ẹni tí ó fẹ́ gbá a yóò fi pòrúurùu. Àwọn òǹwòran á lọ dúró sẹ́yìn ilé, wọn á máa fi orúkọ ìyá ọmọ ọlọ́mọ ṣẹ̀fẹ̀. Níbi tí ó bá sì jẹ́ pé òkúta méjì ni òpó, tí kò sí igi lókè, “ó ga jù” ni ẹjọ́ tí kì í tán. Ìrun jàmáà Màgàríbì ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ rí nítorí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, kí Ọlọ́hun forí jì wá.

Lójú tiwa, ẹni tí ó ń ka ìṣísẹ̀ burú ju gbogbo wọn lọ. Ọmọdé ni àwọn yòókù. Àgbà ni òun. Òfin sọ pé yáàdì méjìlá, èyí tí í ṣe mítà mọ́kànlá. Ẹni tí ó bá kà á ní kúkúrú fún ọmọ tirẹ̀, tí ó sì kà á ní gígùn fún ọmọ ẹlòmíràn, kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀ sí olóńjẹ tí ó ní òṣùwọ̀n méjì, èyí tí ó fi ń rà àti èyí tí ó fi ń tà? A ń kọ́ àwọn ọmọ ní Súrà Al-Mutaffifin láti kékeré, wọ́n sì mọ̀ ọ́n sórí ju bí a ti mọ̀ ọ́n lọ.

Àwọn kan yóò ní eré lásán ni. A kò gbà. Abdullah ọmọ Umar gbà á wá pé Ànábì wa ṣètò eré ìje ẹṣin, ó sì dá ààlà sí i: láti Al-Hafya' dé Thaniyyat al-Wada' fún ẹṣin tí wọ́n ti tọ́jú fún eré ìje, láti Thaniyyat al-Wada' dé mọ́sálásí Banu Zurayq fún èyí tí wọn kò tọ́jú. Ẹ wò ó, eré ni, síbẹ̀ wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n sì wo agbára ẹni kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Ti àwọn àfáà wa tí ó ní kí a má tilẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù rárá, a bọ̀wọ̀ fún wọn, a ó dá ọ̀rọ̀ yẹn sí ọjọ́ mìíràn.

Ìtàn pẹ́nárítì fúnra rẹ̀ kún fún ẹ̀kọ́. Òjóró ni ó bí i. Láyé àtijọ́, bí bọ́ọ̀lù bá fẹ́ wọlé, ẹnì kan á kàn fi ọwọ́ dá a dúró lójú ilé, ohun tí ẹgbẹ́ kejì yóò rí gbà kò sì tó nǹkan. Ọmọ ilẹ̀ Ireland kan, William McCrum, ará Milford, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ aṣọ́lé, ni ó dábàá òfin yìí ní ọdún 1890. Ní ọjọ́ 2, oṣù kẹfà, ọdún 1891 ni ìgbìmọ̀ tí ń ṣòfin bọ́ọ̀lù gbà á wọlé. Inú bí àwọn tí kì í gbá bọ́ọ̀lù fún owó nígbà náà: wọ́n ní òfin yìí sọ àwọn di ẹni tí ó lè mọ̀ọ́mọ̀ rẹ́ ẹlòmíràn jẹ. Wọ́n máa ń sọ nípa ẹgbẹ́ Corinthian ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé bí wọ́n bá fún ẹgbẹ́ kejì ní pẹ́nárítì, aṣọ́lé wọn á kúrò lójú ilé kí bọ́ọ̀lù lè wọlé, nítorí ẹni tí ó ṣẹ̀ ni ó yẹ kí ó san án. Lónìí, a ó pe irú aṣọ́lé bẹ́ẹ̀ ní òmùgọ̀.

Láti ìgbà náà ni òfin ti ń sá tẹ̀ lé ọgbọ́n ẹ̀wẹ́. Ní 1905 wọ́n ní kí aṣọ́lé má kúrò lórí ìlà. Ní 1929 wọ́n ní kí ó má tilẹ̀ gbé ẹsẹ̀. Ní 1997 wọ́n gbà fún un kí ó máa rìn lọ rìn bọ̀ lórí ìlà. Ní 2010 wọ́n sọ fún ẹni tí ń gbá a pé bí ó bá ti sáré dé ìdí bọ́ọ̀lù tán, kò gbọ́dọ̀ díbọ́n mọ́. Ní 2019 wọ́n ní ẹsẹ̀ kan, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà. Nígbà tí Emiliano Martínez, aṣọ́lé Argentina, sì ju bọ́ọ̀lù sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ọmọ Faransé tó rí i gbá nínú àṣekágbá ife àgbáyé ní Qatar ní 2022, òfin ọdún 2023 sọ pé kí aṣọ́lé má fi ìfalẹ̀ tàbí fífọwọ́ kan òpó da ọkàn ẹni tí ń gbá a rú. Òmíràn yóò tún dé, nítorí pé òfin kò lè dé inú ọkàn.

Ó ti kan àwa ọmọ Nàìjíríà náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2019, ní ìlú Rennes, nínú ife àgbáyé àwọn obìnrin, Wendie Renard ọmọ Faransé gbá pẹ́nárítì, ó sì bá òpó. Inú wa dùn. Ẹ̀rọ ayàwòrán ni ó fi hàn pé Chiamaka Nnadozie, aṣọ́lé wa, ti kúrò lórí ìlà díẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lẹ́sẹ̀. Wọ́n tún un gbá, ó wọlé, a fìdí rẹmi pẹ̀lú góòlù kan sí òdo. Gbogbo wa pariwo òjóró. Ó dùn wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfin ni. Àwọn tí ó pariwo jù nínú wa nígbà yẹn ni ó ń ka ìṣísẹ̀ kúkúrú ní ilé.

A kò fẹ́ kí ẹ pa àṣìṣe pọ̀ mọ́ ìrẹ́jẹ. Ní oṣù kejì ọdún 2000, ní Súrùlérè, bọ́ọ̀lù Victor Ikpeba bá igi òkè, ó já sílẹ̀, ó sì jáde. Tẹlifíṣọ̀n fi hàn bí ẹni pé ó ti kọjá ìlà. Rẹfirí ní kò wọlé, Cameroon gba ife náà lọ. Adájọ́ tí ó sa gbogbo ipá rẹ̀ tí ó sì ṣàṣìṣe, ẹ̀san kan ṣì wà fún un lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ti ẹni tí ó gba “owó omi” lọ́wọ́ onílé kí eré tó bẹ̀rẹ̀ yàtọ̀. Kí ó rántí Ibn al-Lutbiyyah, agbowó-sàká tí ó ní wọ́n fún òun lẹ́bùn, tí Ànábì wa sì béèrè bóyá ẹ̀bùn náà ìbá wá bá a ká ní ilé bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ni ó jókòó sí.

Kí wá ni kí ọmọ wa ṣe ní ọjọ́ náà? Ní 2014, ní Jámánì, Aaron Hunt ti ẹgbẹ́ Werder Bremen ṣubú, wọ́n fún un ní pẹ́nárítì, ó sì dìde sọ fún rẹfirí pé kò sí ẹni tí ó ṣẹ òun. Rẹfirí yí ìdájọ́ padà. Ní 1997, Robbie Fowler ti Liverpool sọ irú rẹ̀ fún rẹfirí nígbà tí wọ́n ń bá Arsenal gbá, rẹfirí kò gbà. Ó gbá a, aṣọ́lé mú un kúrò, ẹlòmíràn sì dá a padà sílé. Bí rẹfirí bá kọ̀ ńkọ́? Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Hong Kong ní 2003, láàárín Denmark àti Iran. Òǹwòran kan fọn fèrè láti ibi ìjókòó. Ọmọ Iran kan rò pé àkókò ìsinmi ti tó, ó fi ọwọ́ gbé bọ́ọ̀lù. Pẹ́nárítì! Morten Wieghorst bá olùkọ́ wọn, Morten Olsen, sọ̀rọ̀, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ gbá bọ́ọ̀lù náà sóde. Góòlù kan sí òdo ni Iran fi nà wọ́n ní ọjọ́ náà.

Ìyẹn ni ó ṣòro: pípàdánù. Ràkúnmí Ànábì kan wà tí à ń pè ní Al-Adba', kò sí èyí tí ń borí rẹ̀. Ará oko kan gun ràkúnmí ọ̀dọ́ dé, ó sì yà á sílẹ̀. Ó dun àwọn sàábé gan-an. Ànábì wa fi yé wọn pé kò sí ohun ayé tí yóò ga tí Ọlọ́hun kò ní rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. A kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n tún eré náà sá.

Ọmọ tí ó ṣubú yẹn, a kò nà án, a kò sì dárúkọ rẹ̀. Ta ni yóò na án nínú àwa tí a kọ́ ọ? Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ṣèlérí owó lórí góòlù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dín in kù. Láti ọdún tí ń bọ̀, ẹni tí kì í ṣe tiwa, tí kì í sì í ṣe tiwọn, ni yóò máa fọn fèrè. A ti ra okùn kan, a wọn mítà mọ́kànlá lé e, a so kókó sí ìdí rẹ̀. Ọ́fíìsì ni ó wà. Ọmọ tí ó nawọ́ sókè ní kíláàsì kò tíì gbọ́ èsì lẹ́nu wa: góòlù náà kò jẹ́ hàláálì. A ti kọ̀wé sí ilé-kéwú kejì, a sì ti nu eruku ara ife náà. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tí ń bọ̀, àwọn ọmọ wa ni yóò fi ọwọ́ ara wọn gbé e fún aṣọ́lé wọn.