Ṣé Ọba Nìkan ni Ikú Ń Pa?

Mo ń ṣàlàyé eré-oníṣe fún kíláàsì àṣekágbá, mo sì sọ ohun tí púpọ̀ nínú wa máa ń sọ: pé eré tí ó bá parí sí ìbànújẹ́ gbọ́dọ̀ dá lórí ọba, ìjòyè tàbí akọni tí ó ti ipò gíga ṣubú. Ọmọkùnrin kan nawọ́. Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, bàbá mi tí ó jẹ́ awakọ̀, tí ó kú sí ojú ọ̀nà, ṣé a kò lè fi ikú tiwọn kọ eré ni?” Mo dá a lóhùn pé kì í ṣe irú èyí ni àwọn olùdánwò ń béèrè. Ìdáhùn náà ń tì mí lójú títí di òní.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, níbo ni a ti rí òfin yìí? Kì í ṣe lọ́dọ̀ àwọn baba wa. Bí ọdẹ bá kú, wọn a sun ìrèmọ̀jé fún un, bí kò tilẹ̀ jẹ oyè kankan. Aristotle ará Gíríìsì ni a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. A rí i pé ó bá Ọba Kò So tí Dúró Ládiípọ̀ gbé jáde ní 1963 mu, a bá sọ ọ́ di òfin.

Ẹ wo The Road, eré Wọlé Ṣóyínká tí a kọ́kọ́ ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1965. Kò sí ọba níbẹ̀. Awakọ̀, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀, jàǹdùkú gáréèjì àti ọlọ́pàá ni ó kún inú rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀gbẹ́ni kan, Professor, tí ó ń ṣe ayédèrú ìwé ìwakọ̀, tí ó sì ń wá ìtumọ̀ ikú kiri láàrin òkú ọkọ̀. Kotonu fojú rí jàǹbá lórí afárá, kò sì fẹ́ wakọ̀ mọ́. Samson, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀, ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó pa ajá kan fún Ògún, kí ó má baà jẹ́ àwọn ni yóò fi dípò ajá. Ẹ wá ka ibi tí àwọn méjèèjì ti ń dárúkọ àwọn awakọ̀ tí ó ti kú, Zorro, Sapele Joe àti àwọn yòókù, tí wọ́n ń sọ ohun tí a fi mọ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí ni èyí bí kì í bá ṣe rárà òkú? Àwa tí ó yẹ kí a dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀ ni a kò ṣí ìwé náà.

Wọn yóò ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Òtítọ́ ni, n kò sì ní kí a fi rọ́pò ìwé Yorùbá kankan. Ṣùgbọ́n orin Yorùbá wà nínú rẹ̀, Agẹmọ àwọn Ìjẹ̀bú sì wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ta ni yóò ṣàlàyé ìwọ̀nyí fún ọmọ bí kì í bá ṣe àwa? (Mo gbà pé ọ̀rọ̀ Professor lọ́ pọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni èmi fúnra mi kà á.)

Àwọn mìíràn ní ó ṣókùnkùn jù, pé a kì í bá ọmọdé sọ̀rọ̀ ikú. Bóyá wọn kò wọ dánfó wá sí ilé-ìwé rí. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tí ó jóná ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ń gbà kọjá kí wọ́n tó dé kíláàsì.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Kí a yọ “ọba tàbí ìjòyè” kúrò nínú àlàyé tí à ń kọ sójú pátákó. Kí àwọn olùdánwò má sì gé máàkì ọmọ tí ó bá fi awakọ̀ tàbí aláàárù ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọkùnrin tí mo sọ ti jáde ilé-ìwé, n kò sì mọ ibi tí ó wà tí n bá fi tún ìdáhùn mi ṣe fún un.