Ẹ Kó Ìjọba Kúrò ní Agodi, Ẹ Má Dá Ìpínlẹ̀ Tuntun Sílẹ̀

Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ ìdásílẹ̀ ìpínlẹ̀ bá tún rú sókè ní Abuja ni ìrètí máa ń sọ jí ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, tí àríyànjiyàn a sì bẹ̀rẹ̀ lórí ìlú tí yóò ṣe olú-ìlú. Èmi ò fara mọ́ ìpínlẹ̀ tuntun náà. Ẹ̀dùn ọkàn àwọn tó ń bèèrè rẹ̀ tọ́, ó sì ti pẹ́, àmọ́ oògùn tí wọ́n ń wá kò ní wo àrùn tó ń ṣe wá. Àrùn náà ni pé gbogbo ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ jókòó sójú kan ní Agodi, n'Ìbàdàn. Kí a gbé lára àwọn iléeṣẹ́ ìjọba náà kúrò níbẹ̀, kí a gbé wọn lọ sí Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, pẹ̀lú kọmíṣọ́nnà wọn, akọ̀wé àgbà wọn àti fáìlì wọn. Gómìnà tó bá fẹ́ ṣe é kò nílò àṣẹ Abuja kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ìjọba ìbílẹ̀ 33 ló wà ní ìpínlẹ̀ yìí. Mọ́kànlá ni ti Ìbàdàn, mẹ́sàn-án wà ní agbègbè Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, Òkè-Ògùn àti Ìbàràpá ló ni mẹ́tàlá tó kù. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ìjọba ìbílẹ̀ wa ló wà lẹ́yìn odi Ìbàdàn, síbẹ̀ kò sí ohun tó nípọn tí a lè parí láì dé Agodi. Ẹ wo olùkọ́ tó fẹ̀yìn tì ní Ìkòyí-Ilé, ní Oríire. Bí orúkọ rẹ̀ bá já kúrò nínú ìwé owó ìfẹ̀yìntì, kò sẹ́ni tó lè dá a padà ní Ìkòyí, kò sí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Yóò wọ mọ́tò kí ilẹ̀ tó mọ́, yóò sọ̀ ní Òjóò n'Ìbàdàn, yóò tún wọ òmíràn dé Agodi. Bí akọ̀wé tó mọ ibi tí fáìlì wà bá lọ sípàdé lọ́jọ́ náà, wọn a ní kí bàbá padà wá lọ́jọ́ Ajé. Kò sí ìwà burúkú kankan nínú rẹ̀. Akọ̀wé ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, bàbá náà ò sì ṣẹ̀. Ojú ọ̀nà tí bàbá yóò gbà padà sílé ni apá Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tó falẹ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde láti sọ ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìlọrin di onílà méjì, níbi tí ọkọ̀ akérò àti tírélà ti ń forí gbárí láti ọdún dé ọdún. Ẹni tí a fi ipá mú gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ nítorí ìwé kan ṣoṣo, ìjọba ti jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú nǹkan báyìí ń ṣe. Ní gúúsù Áfíríkà, ìlú kan wà tó ń jẹ́ Katima Mulilo, olú-ìlú agbègbè Zambezi ní orílẹ̀-èdè Nàmíbíà, tí wọ́n ń pè ní Caprivi títí di ọdún 2013. Ó lé ní kìlómítà 1,200 láti ibẹ̀ dé Windhoek tí ìjọba wà, bẹ́ẹ̀ Sáńbíà kò ju òdìkejì odò lọ. Wọ́n ń pe ìlú náà ní olú-ìlú, ó ní gómìnà àti ìgbìmọ̀ agbègbè, àmọ́ Windhoek ni àṣẹ àti owó wà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1999, àwọn ọmọ agbègbè náà tó fẹ́ ya kúrò lára Nàmíbíà gbé ìbọn kọlu ìlú yẹn, ẹ̀mí sì ṣòfò. Wàhálà náà ní ìtàn tirẹ̀, ó sì ju ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn pé ìjọba gbàgbé àwọn wà nínú rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Nàmíbíà ṣe òfin tí yóò gbé agbára lọ sí àwọn agbègbè. Ìbọn ti dún kí òfin tó dé. Ẹnikẹ́ni kò ní gbé ìbọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, mi ò sì fẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ yìí dẹ́rù ba ara wa. Ṣùgbọ́n nǹkan bí kìlómítà 50 ni Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin, nígbà tí Ìbàdàn tó nǹkan bí 100. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ń lọ tọ́jú ara ní Ìlọrin, ó ń nájà níbẹ̀, olú-ìlú ìpínlẹ̀ ẹlòmíràn sì súnmọ́ ọn ju tirẹ̀ lọ.

Kí ló dé tí mo fi kọ ìpínlẹ̀ tuntun? Ìdí àkọ́kọ́ ni pé a ò ní rí i gbà. Láti ọdún 1963 tí wọ́n ti dá Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀, kò sí ìjọba alágbádá kan tó tún dá ẹkùn tàbí ìpínlẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ológun ló dá gbogbo ìyókù, ti ìkẹyìn sì jẹ́ ní 1996. Abala kẹjọ ìwé òfin 1999 fẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin àti kánsẹ́lọ̀ agbègbè náà, ó fẹ́ ìbò aráàlú, ó fẹ́ ìfọwọ́sí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, lẹ́yìn náà ó tún fẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin méjèèjì. Ẹni tó bá ní kí olùkọ́ Ìkòyí dúró de èyí, kó mọ̀ pé ọjọ́ orí bàbá náà kò dúró. Bí a bá tilẹ̀ rí i gbà, níbo ni owó wà? Lọ́dún 2015, Ọ̀ṣun tí wọ́n gé kúrò lára Ọ̀yọ́ ní 1991 jẹ òṣìṣẹ́ lówó oṣù. Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀ jẹ ẹ́. Kí a wá pín ìyẹn sí méjì, kí a kọ́ ilé ìjọba tuntun, kí a yan kọmíṣọ́nnà tuntun, kí gbogbo rẹ̀ tún jókòó sójú kan ní ìlú mìíràn? Agodi kejì nìyẹn, ará Kìṣí àti Ṣakí ní Òkè-Ògùn yóò sì tún máa rìn.

Àwọn kan a ní kí ọmọ wa sáà ti dé ipò. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ládòkè Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí wọ́n pa ní 1966. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Aláò-Akálà tó ṣe gómìnà láti 2007 sí 2011. Agodi ni àwọn náà lọ jókòó sí, ibẹ̀ náà ni ìjọba wà títí dòní.

Ohun tó máa ń yí ìlú padà ni ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń gbé, tí wọ́n ń náwó. Láti 1990 tí wọ́n ti dá yunifásítì tí a mọ̀ sí LAUTECH lónìí sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ilé àyágbé, búkà àti ilé ìtẹ̀wé ti ń pọ̀ sí i ní ìlú náà. Nígbà tí ìjà owó láàárín Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun, tí wọ́n jọ ni ín nígbà náà, sì ti ilé-ẹ̀kọ́ náà pa fún ọ̀pọ̀ oṣù ní 2016 àti 2017, oníbúkà àti ọlọ́kadà ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ yẹ kó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Iléeṣẹ́ tó ń rí sí ìjọba ìbílẹ̀ àti oyè jíjẹ, àti ti àṣà, yẹ kó wà ní Ọ̀yọ́, ìlú Aláàfin, tó ti ṣe olú-ìlú Ẹkùn Ọ̀yọ́ nígbà àwọn òyìnbó, tí Ìbàdàn pàápàá wà lábẹ́ Aláàfin rẹ̀ títí di 1934. Ti àgbẹ̀ yẹ kó lọ sí Òkè-Ògùn.

Wọn a ní ó máa gbówó lórí, pé àwọn òṣìṣẹ́ ò ní fẹ́ kúrò n'Ìbàdàn. Láti 1910 ni Gúúsù Áfíríkà ti pín ìjọba rẹ̀ sí ìlú mẹ́ta: Pretoria, Cape Town àti Bloemfontein. Lóòótọ́ wọ́n ń ráhùn lórí owó rẹ̀, nítorí ó lé ní kìlómítà 1,400 láàárín Pretoria àti Cape Town. Tiwa, láti Ìbàdàn dé Ògbómọ̀ṣọ́, kò ju nǹkan bí 100 lọ, ilé aṣòfin kò sì ní kúrò níbi tó wà. Òṣìṣẹ́ tó bá ń ráhùn ìrìn náà, ìrìn tí aráàlú ti ń rìn láti 1976 tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀ ni. Àwọn mìíràn a ní íntánẹ́ẹ̀tì ti dé, kò sídìí ìrìn. Ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ fáìlì ṣì ń rìn láti tábìlì dé tábìlì, ẹni tó bá wà nítòsí ló sì ń tì í. Ní ti Ìbàdàn, ó ní Yunifásítì láti 1948, ó ní ilé ìwòsàn UCH, ó ní àwọn ọjà ńláńlá. Iléeṣẹ́ ìjọba mẹ́rin kò ní sọ ọ́ di aláìní.

A sì ti rí i pé ó ṣeé ṣe. Ìjọba Gómìnà Mákindé ṣe ọ̀nà Ìsẹ́yìn, ní Òkè-Ògùn, sí Ògbómọ̀ṣọ́, nǹkan bí kìlómítà 76, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ LAUTECH sì ti dé Ìsẹ́yìn. Èrò tó ń lọ láti Ìsẹ́yìn sí Ògbómọ̀ṣọ́ kò nílò láti gba Ìbàdàn. Ọ̀nà náà ti wà nílẹ̀, ìjọba ni kó wá tẹ̀ lé e.

Ìdìbò gómìnà ọdún 2027 ń bọ̀. Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tó bá wá ṣèlérí ìpínlẹ̀ tuntun fún yín, ẹ bi í léèrè iléeṣẹ́ ìjọba tí yóò gbé wá sọ́dọ̀ yín, àti oṣù tí yóò gbé e dé. Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ má dìbò fún un.