Páálí Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀ àti ti gọ́tà tó dí lẹ́yìn ìlà àwọn aláǹkárá ni ọ̀pọ̀ yín ń retí kí a kọ síbí. Ìyẹn ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó ti ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ò sì lè dákẹ́ lé e lórí mọ́. Ọ̀rọ̀ páálí ni.

Ọ̀kan nínú wa tó ń ta lẹ́ẹ̀sì ló ń tún ilé ṣe ní ọjọ́ Sátidé kan. Ó gbálẹ̀ dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀ obìnrin, ìgbálẹ̀ kọ́ nǹkan. Páálí mílíìkì ni, wọ́n fi okùn dì í. Ó tú u, ó rí ègé aṣọ, bọ́tìnì, ìwé tí wọ́n yàwòrán sí, ìdérí ìgò, ìlẹ̀kẹ̀ inú agolo, àti ṣùkù àgbàdo tí wọ́n rán bùbá àti ìró fún bí ọmọlángidi. Ó ní, "Èwo tún ni gbogbo pàǹtí yìí?" Ó gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó wọ́n kẹrosíìnì sí i, ó ṣáná sí i. Nígbà tí ọmọ fi máa ti ibi tí wọ́n rán an dé, eérú ló bá.

Ọmọ ọdún 15 ni ọmọ yìí. Kò sunkún, kò pariwo. Ó wọlé, ó jókòó. Láti ọjọ́ náà, ohun tí ìyá rẹ̀ bá bi í nìkan ló ń dáhùn. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." "Rárá, mà." Iṣẹ́ ilé ń lọ, kò kọ iṣẹ́ kankan. Ìyá rẹ̀ ní kó tilẹ̀ fa ìbínú yọ kí àwọn jọ parí rẹ̀ ìbá sàn ju ìdákẹ́jẹ́ yìí lọ.

Ẹ má bínú sí wa o. Nígbà tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ ní ìsọ̀, ẹ̀rín la rín. Ọ̀kan nínú wa ní aáyán ni ọmọ náà ń sìn. Òmíràn ní tí wọ́n bá fi àyè gbà á, á di olórí akódọ̀tí. A tún sọ pé ọmọ tó ń kó bọ́tìnì jọ nígbà tí ìdánwò wáẹ́ẹ̀kì ń bọ̀, ẹgba ni kí wọ́n fi kó fún un. Gbogbo wa la sọ ọ́, kò sí ẹni tó lè yọ ara rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni ọmọ náà gbé oúnjẹ ìyá rẹ̀ wá sí ọjà. Àgbà kan láàárín wa, tó ti ta àdìrẹ kí ó tó bọ́ sídìí lẹ́ẹ̀sì, fà á sẹ́yìn, ó bi í léèrè jẹ́jẹ́ pé, "Ọmọ mi, kí ló wà nínú páálí yẹn gan-an?" Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yọ. Ègé aṣọ kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti ìyá àgbà rẹ̀ tó ti kú, àdìrẹ Ìbàdàn Dùn. Nígbà tí wọ́n ń pín aṣọ òkú, àwọn àgbà pín ìró àti bùbá láàárín ara wọn. Etí ìró kan tó ti gbó ni wọ́n fà ya tí wọ́n jù sílẹ̀, òun ló mú un. Ó ní òórùn aró àti òórùn ìyá àgbà òun ṣì wà lára rẹ̀. Ó ní tí ó bá di alẹ́, tí gbogbo ilé bá ti sùn, òun máa ń tan tọ́ọ̀ṣì, òun máa ń wo àwòrán ara aṣọ náà, òun máa ń yà á sínú ìwé. Wákàtí yẹn nìkan ni òun ní, nítorí tí òun bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, ọjà ni, lẹ́yìn ọjà, ìdáná ni.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ Ìbàdàn Dùn dáadáa, ẹ ó rántí pé òpó ilé Mápó ló wà lára rẹ̀, òpó kan, ṣíbí kan, òpó kan, ṣíbí kan. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn Mápó. Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ wo àwọn òpó ńláńlá wọ̀nyẹn, ó ti ìyẹ́ adìẹ bọ ẹ̀kọ láfún, ó yà wọ́n sórí aṣọ funfun, ó sì ki ṣíbí sáàárín wọn. Ta ló rán an níṣẹ́? Kí ni ṣíbí ń wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó ilé ìjọba? Ó wù ú ni. Ó dùn mọ́ ọn. A rí àrà náà, àwa náà fẹ́ràn rẹ̀, a sì ń rà á títí dòní.

Ohun tí ọmọ wa yìí ṣe nìyẹn. Ó yọ ṣíbí kúrò, ó fi ọ̀rá píọ́ wọ́tà sí i. Òpó kan, píọ́ wọ́tà kan. Ó pè é ní Òǹgbẹ Ìbàdàn. Háà! Ẹ̀rín pa wá, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọjọ́ náà kì í ṣe irú ti àkọ́kọ́. Àgbà aládìrẹ yẹn ní láti ìgbà tí òun ti ń ta àdìrẹ, òun ò rí ẹni tó ki nǹkan tuntun sáàárín òpó Mápó rí. Ó ní kí ọmọ náà mú ìwé náà wá kí òun wò ó. Ọmọ náà ní, "Ó wà nínú páálí, mà."

Ẹnu wa wọhò.

Láti ìgbà náà ni ẹgbẹ́ ti pín sí méjì. Àwọn kan ń gbèjà ọmọ náà, àmọ́ owó ni wọ́n fi ń gbèjà rẹ̀. Wọ́n ní ẹ ò rí Nike Davies-Okundaye? Ọdún 1951 ni wọ́n bí i ní Ògìdì, ní apá ibi tí a ń pè ní ìpínlẹ̀ Kogí lónìí. Ọ̀dọ̀ ìyá-ńlá rẹ̀ ló ti kọ́ aṣọ híhun àti àdìrẹ, ní ọdún 1983 ó dá ibi ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo, ó sì ní ilé iṣẹ́ ọnà gbàǹgbà sí Lẹ́kí ní Èkó. Wọ́n tún ní Jimoh Buraimoh ń kọ́? Iná mànàmáná ló ń tàn fún ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládiípọ̀, òun náà ló wá di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ nídìí àwòrán tí wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Inú wa dùn sí àwọn èèyàn wọ̀nyí, ọmọ wa ni wọ́n.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti dun àwa tí à ń kọ ìwé yìí nìyẹn. Ṣé tí a bá wá rí i dájú pé Òǹgbẹ Ìbàdàn ò ní í tà láéláé, kẹrosíìnì ti tọ́ sí i nìyẹn? Ọlọ́jà ni wá, gbogbo nǹkan la máa ń bi pé èló, èrè rẹ̀ dà. A mọ̀ ọ́n bi, òun la fi ń jẹun. Àmọ́ nígbà tí a bá so gèlè lọ́jọ́ àjọ̀dún ẹgbẹ́, tí a tún un so lẹ́ẹ̀mẹ́ta níwájú díńgí torí pé ẹ̀gbẹ́ kan ò gún, ta ló ń san owó rẹ̀ fún wa? Èyí tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin láti ogún ọdún, kí ló ti jẹ níbẹ̀ yàtọ̀ sí ohùn tó há? Ó ń dùn mọ́ wa ni. Kò sí ẹni tó ní ká dá a dúró.

Ẹ jẹ́ ká wo ìsàlẹ̀ àpótí tiwa náà. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, a bi ara wa níkọ̀ọ̀kan, ojú sì ti àwọn mìíràn kí wọ́n tó lè sọ ọ́. Ọ̀kan ṣì ní kọ́ńgò àkọ́kọ́ tí ó fi wọn gàárì kí ó tó di aláṣọ, ìdí rẹ̀ ti jẹ, kò lè wọn nǹkan kan mọ́. Ọ̀kan ní lẹ́tà tí bàbá àwọn ọmọ rẹ̀ kọ sí i kí ó tó fẹ́ ẹ, kò mọ̀wé kà, ẹlòmíràn ló kà á fún un nígbà náà, ó sì ti há gbogbo rẹ̀ sórí. Ọ̀kan ní tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè tí ó wọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Kánò nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọge. A bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní, "Ẹ ṣáà fi í sílẹ̀ fún mi." Ìyá olómi-ọmọ ni o! Tí ọmọ ọdún 15 bá wá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn, à ń pè é ní àfojúdi.

Àdìrẹ tí a ń pè ní Ọlọ́ba pàápàá, ẹ jẹ́ ká rántí ibi tó ti ṣẹ̀. Ọdún 1935 ni ọba Gẹ̀ẹ́sì, George Karùn-ún, pé ọdún 25 lórí oyè, wọ́n ṣe oríṣiríṣi nǹkan ìrántí tí wọ́n ya àwòrán òun àti ayaba Mary sí. Ara irú àwọn nǹkan ìrántí bẹ́ẹ̀ ni àwọn alárá ti mú àwòrán ọba àti ayaba, wọ́n fi sí àárín aṣọ aláró. Ẹni kan ní láti tọ́jú nǹkan kékeré náà pamọ́ kí wọ́n tó rí i wò.

A ò sọ pé kò sí ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tó kù o. Ọ̀kan nínú wọn ní yàrá kan ni àwọn ń gbé, àwọn mẹ́fà, pé tí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá ní páálí kan, níbo ni èèyàn máa fi ẹsẹ̀ sí? Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, a ò lè fi ṣe ẹ̀rín. Òmíràn ní ọmọ òun ń yàwòrán títí ó fi gba òdo nínú ìṣirò, ó sì mú ìwé èsì wá fún wa wò, òdo náà wà níbẹ̀ rogodo. Ti fóònù náà tún wà. Àwọn ọmọ mìíràn ti kúrò ní ti páálí, inú fóònù ni wọ́n ń kó àwòrán tiwọn sí, ìyá sì rò pé eré lásán ni wọ́n ń ṣe. Nígbà mìíràn, ká sòótọ́, eré lásán náà ni.

Ohun tí a rí sí i ni pé kí páálí jẹ́ ẹyọ kan. Kó má ju abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ. Ọmọ tó ni ín ni kó máa gbọn ekuru rẹ̀ kó sì máa lé aáyán ibẹ̀. Tí ìṣirò bá di òdo, kí páálí lọ gbé orí àga ìyá títí wọn yóò fi ṣe ìdánwò mìíràn, kí ó sì padà sí ipò rẹ̀ lẹ́yìn náà. Àmọ́ kí ìyá kankan má tú u láì bi olówó rẹ̀. Àwa kì í tú báàgì owó ara wa ní ọjà, bó ti wù kí á mọra tó.

Ìyá ọmọ náà gba ìmọ̀ràn yìí. Kò rọrùn fún un. Ó bẹ ọmọ rẹ̀, ó ní òun ò mọ̀ pé aṣọ ìyá òun wà níbẹ̀. Ẹ kíyè sí i, ìyá òun ni, torí ìyá tó bí i lọ́mọ náà ni ìyá àgbà yẹn. Wọ́n jọ sunkún lóru ọjọ́ náà, ó ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ ìsìnkú. Ọmọ ti ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ báyìí. Kò tíì yàwòrán.

Páálí tuntun wà nílẹ̀ báyìí, ti lẹ́ẹ̀sì ni, ó le ju ti mílíìkì lọ. Ẹ̀yin tí ẹ bá ní ègé àdìrẹ àtijọ́ nílé, pàápàá Ìbàdàn Dùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ etí ìró tó ti ya, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nu tábìlì mọ́. Ẹ kó o wá sí ìsọ̀ àwọn ẹlẹ́ẹ̀sì ní ọjọ́ ìpàdé. Ìyá ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ ní kí ó fi òórùn rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó má fọ̀ ọ́.