Ẹni tó fọwọ́ bo ẹnu
Àwa tí à ń wo bọ́ọ̀lù Yúróòpù ní Ṣábẹ̀ẹ́ níbí kò gbọdọ̀ gbàgbé Glen Kamara, ọmọ Finland tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Sierra Leone. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 2021, ní Ibrox, pápá ẹgbẹ́ tí Kamara wà nígbà náà, Ondřej Kúdela ti Slavia Prague rìn lọ bá a, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó sì sọ̀rọ̀ sí i létí. Kamara yarí lójú ẹsẹ̀, ó ní ọ̀bọ ló pe òun. Kúdela ní irọ́ ni, èébú lásán lòun bú u. Bongani Zungu, akẹgbẹ́ Kamara tó wà nítòsí, ní òun gbọ́ ọ. UEFA dá Kúdela dúró fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 10, wọ́n sì fún Kamara ní 3 nítorí ó na Kúdela lẹ́yìn eré. Mo fara mọ́ 10 yẹn tọkàntọkàn. Lóòótọ́, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, ṣùgbọ́n tọ̀tún-tòsì ni wọ́n gbọ́ tẹnu wọn. Bí ẹ̀rọ kankan kò bá sì gba ohùn náà sílẹ̀, ta ló ń fọwọ́ bo ẹnu láti kí èèyàn? Lílù kò dára, àmọ́ 3 ti pọ̀ jù fún ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ gún lọ́kàn. Lọ́dún 2011, 8 ni àjọ bọ́ọ̀lù England fún Luis Suárez nítorí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà tó sọ sí Patrice Evra tí wọ́n bí ní Dakar. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 4 péré ni àjọ kan náà fún John Terry fún irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí 10 di ìpìlẹ̀ níbi gbogbo, títí kan Áfíríkà tiwa.