Iná Pupa Lórí Ìbọn Ọdẹ

Ẹ̀yin ìjòyè àti ọ̀mọ̀wé Okun, àwa kò kọ ohun tuntun. Ṣùgbọ́n kí ọdẹ Kàbà tó fi owó iṣu ra iná pupa tí a ń so mọ́ ìbọn, kí ó wo ìbọn rẹ̀. Inú ọ̀pá ṣakabùlà dán, ọta rẹ̀ a sì máa fọ́n ká. Ibi kan ni iná náà yóò tọ́ka sí, ibòmíràn ni ọta yóò bà. Òru ni ó bà wá lẹ́rù jù: àmì pupa kò lè sọ bóyá ẹtu ni tàbí aládùúgbò tí ń ti oko bọ̀. Òfin ìbọn ti 1959 béèrè ìwé àṣẹ. Kò lè bá ọdẹ wo igbó. Ẹ̀yin olórí ọdẹ, ẹ pàṣẹ kí olúkúlùkù fi iná orí mọ ẹran dájú kí ó tó yìnbọn.