Ẹ̀rọ Gékoríko: Kí Á Mọ Ẹni Tí Yóò Tún Un Ṣe Kí Á Tó Rà Á

 

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ gékoríko ti fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Ní ìpàdé tó kọjá, àwọn kan ní kí ẹgbẹ́ ra kéékèèké mẹ́ta nítorí pé owó wọn kò pọ̀, àwọn kan ní kí á ra ẹyọ kan ṣoṣo tó lágbára dáadáa. Ilẹ̀ ṣú mọ́ wa lórí, a kò sì rí ọ̀rọ̀ náà parí. Ìdí nìyí tí àwa tí à ń kọ ìwé yìí lóṣooṣù fi rò pé kí á sọ tiwa kí ọjọ́ ìdìbò tó dé. Tiwa ni pé kí á ra ẹyọ kan, kí á sì ti mọ mẹkáníìkì tí yóò máa tún un ṣe kí á tó wá ẹni tí yóò tà á fún wa.

Ẹnìkan lè ní, kí ni ará Ọ̀rányàn fẹ́ fi ẹ̀rọ gékoríko ṣe? Kò purọ́. Láti Ọjà'ba títí dé Mápó, òrùlé ń kan òrùlé ni, ewúrẹ́ pàápàá kò rí koríko jẹ. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni kò ní ilẹ̀ lọ́nà Àkànrán tàbí Amúlókò? Ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ ni ọ̀pọ̀ fi rà á. Bí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, igbó ti bò ó, ejò ti kó wọ ibẹ̀, ọmọ onílẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bí ilẹ̀ tí kò ní olówó. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ koríko kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí. Ilẹ̀ tí a ń ro déédéé ni à ń rí bí ilẹ̀ tó ní olúwa rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á tètè sọ èyí náà: ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kò ju pulọ́ọ̀tì kan lọ, àdá tó mú ló yẹ ẹ́, tàbí kó bẹ lébìrà ní ọjọ́ kan. Ti ilẹ̀ ńlá tí ẹgbẹ́ rà pa pọ̀ ni à ń sọ.

A ti ra ẹ̀rọ kan rí, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí á gbàgbé. Ó pọ́n, ó ń dán, owó rẹ̀ rọjú. Irú èyí tí à ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù rẹ̀ ni, bíi ti Vespa àtijọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ yá a pò ó dáadáa. Ẹnì kejì náà pò ó. Ẹnì kẹta, tàbí ẹnì kẹrin (títí di òní, kò sí ẹni tó jẹ́wọ́), da bẹntiróòlù lásán sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ́ńjìnì náà nọ́ọ̀kì kí oòrùn tó dé àtàrí. Nígbà tí a gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní òun kò rí orúkọ tó wà lára rẹ̀ rí, pé kò sí písítìnì rẹ̀ níbikíbi. A padà lọ bá ẹni tó tà á, ó ní ọjà ti tán, òun kò kó irú rẹ̀ wọlé mọ́. Ẹ̀rọ náà wà ní igun yàrá ìpàdé wa di bí a ti ń wí yìí, aláǹgbá ló ń gun orí rẹ̀.

Nígbà náà, ta ni ẹ̀bi? Àwa ni. Iye owó ni a bèèrè, a kò bèèrè ẹ̀yà ara rẹ̀.

Ẹ wo àwọn awakọ̀ wa, wọ́n gbọ́n jù wá lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná ní 1975, àti Volkswagen tí à ń pè ní Ìjàpá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó lọ́dún kan náà, kí ló jẹ́ kí wọ́n pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lójú títì? Wọ́n lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ju agbára lọ ni pé kò sí abúlé tí ọkọ̀ náà lè kú sí tí a kò ní rí ẹni tó lè tú u. Títí di òní, ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ á kọ́kọ́ bèèrè bóyá ẹ̀yà ara rẹ̀ wà ní Aráròmí, ní Géètì Àgodi. Kí ló dé tí a kò bèèrè bẹ́ẹ̀ lórí ẹ̀rọ gékoríko? Bí a kò bá rí púlọ́ọ̀gì, fíltà, kábúrétọ̀ àti okùn tí à ń fà rà nínú ìlú Ìbàdàn yìí, kí á fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ fún olówó rẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ìdí kejì tí a fi yan ẹyọ kan ni ọ́ìlì. Irú tí ó ní ọ́ìlì tirẹ̀ nínú ikùn ni à ń fẹ́, èyí tí a kì í po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù rẹ̀. Ó wọ́n ju èkejì lọ, ó sì wúwo jù ú lọ. Ṣùgbọ́n èkejì ń fẹ́ ìṣirò: ọ̀kan á ní mililítà 100 ọ́ìlì fún lítà 5 bẹntiróòlù, òmíràn á ní 200. Fún ẹnìkan tó ni ẹ̀rọ rẹ̀, èyí kò le. Fún ẹ̀rọ tí ogún ènìyàn ń yá, a ti rí ibi tó já sí.

Kì í ṣe pé èyí tí à ń wí kò ní wàhálà tirẹ̀ o. A gbọ́dọ̀ wo ọ́ìlì rẹ̀ kí á tó ṣáná sí i nígbàkúùgbà. Bí ó bá jẹ́ tuntun, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é ní kí á da ọ́ìlì àkọ́kọ́ nù lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 20, lẹ́yìn náà kí á máa pààrọ̀ rẹ̀ ní wákàtí 50 sí 100. Bí a bá ń lò ó wákàtí mẹ́rin lọ́sẹ̀, wákàtí 100 kò ju oṣù mẹ́fà lọ. Ọ̀pọ̀ irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀ kì í gba ọ́ìlì tó lítà kan, nítorí náà kò sí àwíjàre. Ní ìgbà ọyẹ́, eruku á dí fíltà rẹ̀. Èyí tó jẹ́ fóòmù, à ń fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, kí á sì sá a kó gbẹ. Èyí tó jẹ́ pépà, à ń gbọ̀n ọ́n ni tàbí kí á pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọ pépà.

Ẹni tó bá rò pé àwàdà ni, kó rántí iye epo. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún 2023, lítà kan kò tó ₦200. Nígbà tó fi máa di oṣù Keje ọdún náà, ó ti kọjá ₦600. Ẹ́ńjìnì tí fíltà rẹ̀ dí, owó ẹgbẹ́ ló ń mu. Bí a bá sì fẹ́ gbé e pamọ́ fún ìgbà pípẹ́, kí á ti ẹnu ọ̀nà epo, kí á jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí yóò fi kú fúnra rẹ̀, kí bẹntiróòlù má baà bà jẹ́ sínú kábúrétọ̀.

Lórí ẹnu tó fi ń gé: okùn ọ̀rá ni kí á lò níbi tí òkúta bá wà, kì í ṣe irin. Ará Amẹ́ríkà kan, George Ballas ní ìlú Houston, ló ronú kan ọgbọ́n náà ní 1971, nígbà tó rí búrọ́ọ̀ṣì tó ń yí níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ọkọ̀. Ó so okùn ìpẹja mọ́ agolo, ó sì fi gé koríko. Irin máa ń ju òkúta bí ọta ìbọn. Okùn náà lè ju òkúta kékeré, nítorí náà, pẹ̀lú okùn pàápàá, ẹni tí kò wọ awò ojú àti bàtà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ ẹgbẹ́, kí àwọn ọmọdé sì jìnnà.

A kò sì gbọdọ̀ ṣáná sí i nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti wò ó bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ìkìlọ̀ yìí kan jẹnẹrétọ̀ ilé yín pẹ̀lú. Afẹ́fẹ́ olóró tó wà nínú èéfín wọn kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ti pa odindi ìdílé mọ́ ojú oorun lórílẹ̀-èdè yìí.

Ó ku ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ẹnìkan ni kó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, kó sì ní ìwé: ẹni tó yá a, wákàtí tó lò, ọjọ́ tí a pààrọ̀ ọ́ìlì. Kí á máa yọ díẹ̀ nínú owó ìyálò sọ́tọ̀ lọ́dọ̀ akápò fún ọ́ìlì àti púlọ́ọ̀gì, kí á má fi kún àjọ̀dún. Àwọn ìyá wa kan ní ó yẹ kí ipò náà máa yí kiri kó má baà di ti ẹnìkan. Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n kó yí lọ́dọọdún, kó má yí lóṣooṣù.

Ẹni tó bá mọ mẹkáníìkì tó mọ irú ẹ̀rọ yìí, kó mú orúkọ rẹ̀ àti iye tó ń gbà wá fún akọ̀wé kí ọjọ́ ìpàdé tó pé. Àwa ti bi méjì ní Bẹẹrẹ. Ọ̀kan ní òun lè ṣe é, pé kí á mú un wá. Èkejì ní òun kò tú irú rẹ̀ rí, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò tàn wá.