Ta Ni Ó Ni Ẹgbẹ́ Bọ́ọ̀lù Ìlú?

Nígbàkígbà tí ọdún ìdíje tuntun bá kù sí dẹ̀dẹ̀ nínú líìgì kejì ilẹ̀ Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ń pè ní Nigeria National League, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó máa ń wà lẹ́nu àwọn ará ìlú tí ẹgbẹ́ wọn wà níbẹ̀: “Ṣé a óò gòkè lọ́dún yìí?” Ìbéèrè náà kò burú. Ní ọ̀pọ̀ ọdún, ẹgbẹ́ mẹ́rin péré ni ó ń ti ibẹ̀ gòkè lọ sí líìgì àkọ́kọ́, tí mẹ́rin mìíràn sì ń jábọ́ láti òkè wá gba ipò wọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà bèèrè, bẹ́ẹ̀ ni òun gan-an ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dáhùn kí fèrè tó dún: ta ni ó ni ẹgbẹ́ náà?

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ìdáhùn rẹ̀ rọrùn, kí ó wo ìtàn Shooting Stars ti Ìbàdàn. Ní ọdún 1976, nígbà tí wọ́n ń pe ẹgbẹ́ yìí ní IICC, ó na Tonnerre ti Yaoundé ní àròpọ̀ ayò 4 sí 2, ó sì gba ife tí àwọn ẹgbẹ́ tí ó ti gba ife ní orílẹ̀-èdè wọn máa ń du ní Áfíríkà. Kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kan tí ó tíì gba irú ife ilẹ̀ Áfíríkà bẹ́ẹ̀ rí. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni Múdà Lawal, ẹni tí ó ti fi ọwọ́ tún ọkọ̀ ṣe kí ó tó fi ẹsẹ̀ wá òkìkí. Ní 1984, ẹgbẹ́ náà dé ìparí ìdíje àwọn tí ó gba líìgì ní Áfíríkà, ṣùgbọ́n Zamalek ti ilẹ̀ Íjíbítì nà án lẹ́ẹ̀mejèèjì. Dípò kí ìjọba ológun tí ń bẹ ní Ọ̀yọ́ nígbà náà rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ńṣe ni ó tú ẹgbẹ́ náà ká. Nínú gbogbo ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń pariwo ní pápá, kò sí ẹnìkan tí ó ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró láti sọ pé, “Ẹ má ṣe é.” Lóòótọ́, wọ́n tún ẹgbẹ́ náà kó jọ, ó sì gba ife CAF ní 1992, nígbà tí ó fi ayò 3 sí òdo na Nakivubo Villa ti Ùgáńdà ní Ìbàdàn. Síbẹ̀, ohun tí ọdún 1984 fi hàn kò yí padà. Ẹni tí ó lè tú ilé ká láìbéèrè lọ́wọ́ ará ilé, òun ni onílé.

Àwọn kan a máa sọ pé kí ìjọba jọ̀wọ́ bọ́ọ̀lù, kí àwọn olówó gbà á. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìwúwo. Ní 2017, Shooting Stars tí í ṣe ti ìjọba, àti Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, tí í ṣe ti oníṣòwò tí ń jẹ́ Kúnlé Ṣónámẹ̀, jọ jábọ́ kúrò ní líìgì àkọ́kọ́. Ní 2021 wọ́n jọ gòkè padà. Nígbà tí ó di 2025, Remo Stars gba líìgì náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe nìyẹn, ó sì yẹ ní yíyìn. Àmọ́, Ìbàdàn kan náà ni Leventis United ti wà, tí ilé-iṣẹ́ ńlá kan ni ín. Ó gba líìgì àti Challenge Cup pọ̀ ní 1986. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí olówó fi ká ọwọ́ kúrò, tí ẹgbẹ́ sì wọlẹ̀. Abẹ́òkúta náà ní Abiola Babes, tí Ràṣídì Yẹkínì gbá bọ́ọ̀lù fún, tí ó gba ife ní 1985 àti 1987. Lónìí, ẹnu àwọn àgbà nìkan ni orúkọ rẹ̀ kù sí.

Bí ìjọba bá lè tú tirẹ̀ ká, tí olówó sì lè ká ọwọ́ kúrò nínú tirẹ̀, àwọn tí ń pe ẹgbẹ́ ní “tiwa” ni ó kù. Àwọn gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí sì dojú kọ. Ọ̀dọ́ tí ń gbé nítòsí pápá Adámásìngbà a san owó lọ́jọ́ Sátidé láti wọ ilé ìwòran, kí ó lè rí Arsenal tàbí Chelsea nínú tẹlifíṣọ̀n. Kò ní í jiyàn, kò ní í bẹ̀bẹ̀. Bí ó bá wá di ti ẹgbẹ́ ìlú rẹ̀, a wá ẹni tí ó mọ̀ rí lẹ́nu ọ̀nà kí ó lè wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹgbẹ́ náà bá sì pàdánù, òun ni yóò kọ́kọ́ bú u. Wọn a ní kò sí owó nílùú. Òótọ́ ni pé nǹkan le. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fi ń wo àjèjì, ṣé ewé ni?

Líìgì kejì ni irú ìwà yìí ti ń dun ẹgbẹ́ jù lọ. Ẹgbẹ́ tí ó wà lókè ń gbá ìdíje 38 lọ́dún, 19 nínú rẹ̀ nílé. Nísàlẹ̀, ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ ni wọ́n ń pín wọn sí, nítorí náà ọjọ́ tí ẹgbẹ́ lè ta tíkẹ́ẹ̀tì nílé kò tó bẹ́ẹ̀. Ìrìn àjò rẹ̀ sì gùn, orí títì ni wọ́n sì ń gbà. Ẹni tí ó mọ bọ́ọ̀lù wa dáadáa mọ̀ pé kì í ṣe ohun tuntun kí agbábọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ oṣù méjì, mẹ́ta, láìrí owó oṣù. Báwo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò ṣe sáré tọ bọ́ọ̀lù títí fèrè ìkẹyìn?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn olówó pọ̀ sí ju ti ibí lọ, àwọn ará Wimbledon rí ìjà irú èyí ní 2002, nígbà tí wọ́n gbà fún àwọn tí ó ni ẹgbẹ́ wọn láti gbé e lọ sí Milton Keynes. Àwọn alátìlẹ́yìn kò jókòó sunkún. Wọ́n dá AFC Wimbledon sílẹ̀, wọ́n pe ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ bọ́ọ̀lù wá dán ara rẹ̀ wò ní pápá gbangba, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ìpele kẹsàn-án. Ní 2011 wọ́n ti dé ìpele kẹrin. Ohun tí ó mú un ṣeé ṣe ni pé ẹni tí ó dá owó ní orúkọ nínú ìwé, ó sì ní ìbò.

Ìlú tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ líìgì kejì kò ní láti gba ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́ ìjọba lọ́jọ́ kan. Kí àwọn alátìlẹ́yìn máa dá owó lóṣooṣù, bí ó ti wù kí ó kéré mọ, kí wọ́n sì tìtorí rẹ̀ bèèrè ìjókòó méjì nínú ìgbìmọ̀ tí ń darí ẹgbẹ́. Kí wọ́n rí i pé owó oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ra agbábọ́ọ̀lù tuntun. Kí wọ́n máa ka iye tí wọ́n pa lórí tíkẹ́ẹ̀tì sí etí gbogbo ìlú. Ẹgbẹ́ tí ó bá ṣe èyí lè má gòkè lọ́dún yìí. Ṣùgbọ́n bí gómìnà tuntun bá gorí oyè, tàbí bí àpò olówó bá gbẹ, yóò bá àwọn kan lórí ìjókòó tí yóò lè bi í pé ta ni ó fún un láṣẹ.